Ẹran Mi Kò Tó Jẹ: Orin Ogun Inú Fíìmù Òfuurufú àti Ẹnu Ìyáàlù

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí, níwájú àwọn akọrin ìjọ, àwọn onílù, àwọn ọmọ yunifásítì àti àwọn tí oúnjẹ gbé wá. Wákàtí kan ni wọ́n fún mi. Ẹni tó bá ti gbọ́ mi rí mọ̀ pé wákàtí kan kò tó mi í fi kí èèyàn. Bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ ni mo kọ ọ́ sílẹ̀ yìí, ibi tí mo ti ń wúkọ́ nìkan ni mo yọ.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọmọ, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà sọ pé n ó sọ̀rọ̀ lórí “Duel of the Fates”, orin tí John Williams kọ fún ìjà idà iná nínú fíìmù Star Wars ti ọdún 1999. N ó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n orin kan wà tó ṣáájú rẹ̀, “The Imperial March”, òun ló ń dù mí lọ́kàn, òun ni n ó sì fi bẹ̀rẹ̀. Alága, ẹ má tíì wo aago.

Nínú ìlú tí a jókòó sí yìí, kò yẹ kí n máa ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé ohun tí orúkọ ń ṣe nínú ogun. Ògúnlọlá gbé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, ọ̀tá ọba, lọ bá Aláàfin, ohun tó ṣe sì di orúkọ ìlú. Gbogbo ìgbà tí awakọ̀ bá ń ké ní gáréèjì pé “Ògbómọ̀ṣọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, ó ku ẹnì kan”, ìròyìn ìjà ló ń kà fún wa, kò kàn mọ̀ ni.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ní í sọ, mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́: orin ogun tí kò bá pe ẹnikẹ́ni lórúkọ, ariwo ni. Ọ̀gbẹ́ni kan wà, ìlà kejì ló jókòó sí, mo rí i, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ sórí Facebook pé àsọdùn ni tèmi, pé orin inú sinimá kò ju iyọ̀ inú ọbẹ̀ lọ. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Kó lọ fi ọbẹ̀ àtẹ́ jẹ iyán lọ́la, kó wá ròyìn fún wa.

Ẹ jẹ́ ká mú Darth Vader, ọ̀tá inú Star Wars, ọkùnrin aláṣọ dúdú tó ń mí bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Nígbà tí Star Wars àkọ́kọ́ jáde ní 1977, kò tíì ní orin tí gbogbo yín mọ̀ mọ̀ ọ́n yìí. Fíìmù kejì, ti 1980, ló gbé “The Imperial March” wá. Ẹ sì wo bó ṣe wá: ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún náà, ẹgbẹ́ ọ́kẹ́sítírà Boston Pops ti lù ú fún àwọn èèyàn ní Amẹ́ríkà, Williams fúnra rẹ̀ ló darí wọn. Fíìmù kò jáde títí di ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún. Oríkì ti wọ̀lú kí ẹni tó ni ín tó dé. Ta ni kò rí irú èyí rí? Ẹ lọ dúró sí ẹnu ààfin Ọ̀yọ́: onílù ti sọ ẹni tó ń bọ̀ kí ojú yín tó tó o.

Ibi tí mo fẹ́ fi orin náà hàn lójú pátákó nìyí, ni iná bá lọ. Ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ kọ̀, kò dáhùn. Mo ní kò burú, ẹ̀yin akọrin, ẹ gbà á ní tonic solfa: la la la, fa-do la, fa-do la. Fa tó wà nísàlẹ̀ la, do tó wà lókè rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́. Wọ́n tún un kọ. Inú òkùnkùn, ó dà bí ẹni pé àwọn ológun ń wọlé bọ̀.

Ohùn mélòó lẹ gbọ́? Mẹ́ta péré. La wà láàárín, fa nísàlẹ̀, do lókè. Àárín, àárín, àárín. Ìsàlẹ̀, òkè, àárín. Ìsàlẹ̀, òkè, àárín. Èwo nínú yín ni wọn kò kọ́ ní dò, re, mí ohùn Yorùbá nílé ìwé? Ìlà àkọ́kọ́ orin yìí kò ní ohùn kan tí ahọ́n Yorùbá kò ní. Ó ṣe é fi sọ̀rọ̀ gẹ́lẹ́. Èmi ti fi ọ̀rọ̀ sí i nílé, mo sì rò pé ó yẹ ọ̀gágun bíi tirẹ̀:

Ọba wa kò jẹ́ lọ, kò jẹ́ lọ.

Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó la ẹnu, ọmọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan ti figbe ta lẹ́yìn:

“Ẹran mi kò tó jẹ, kò tó jẹ!”

Gbọ̀ngàn wó. Ẹ̀rín tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, n kò lè kọ ọ́ tán. Àṣẹ̀yìnwá, àṣẹ̀yìnbọ̀, ohùn tiẹ̀ pé ju tèmi lọ, nítorí gbogbo èèyàn ló mọ ọ̀fọ̀ ẹran tó kéré, ìwọ̀nba ló mọ ọ̀rọ̀ ọba.

Ẹ gbọ́ o, n kò sọ pé John Williams gbọ́ Yorùbá. Kí ẹnikẹ́ni má lọ kọ ìyẹn sórí Facebook. Ìlà kejì orin náà kọjá ohùn mẹ́ta, ó gun òkè lọ ibi tí ẹnu kò lè bá a dé. Ìyáàlù gan-an kì í dúró sórí ohùn mẹ́ta tí a kàn mọ́lẹ̀. Onílù á fún ọṣán, ohùn á yọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹni tó fẹ́ kí orúkọ wọ etí, tí kò fẹ́ kó jáde mọ́, ọ̀nà kan náà ló ń gbà, ì báà jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù, ì báà jẹ́ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́: ohùn díẹ̀, gbólóhùn kúkurú, kó tún un sọ kí ẹni tó ń gbọ́ ọ tó ráyè jà. Lábẹ́ rẹ̀, àkópọ̀ ohùn méjì, G minor àti E-flat minor, ń jáde síra wọn, àwọn méjèèjì tí kì í sábà gbé ilé kan náà. Ìyẹn ló fi ń dẹ́rù bani. Àwọn tó ń lù tatata láìdákẹ́ nísàlẹ̀, gúdúgúdú ni wọ́n. Gúdúgúdú kì í bá ìyáàlù du ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bó bá dákẹ́, ẹsẹ̀ oníjó á kọ́.

Àwọn onímọ̀ orin á ní Wagner, ará Jámánì tó ń kọ eré olórin, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pé nígbà tí wọ́n ṣe gbogbo Ring rẹ̀, eré olórin mẹ́rin, tán lápapọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Bayreuth, ní Jámánì, ní 1876, ẹnì kọ̀ọ̀kan, idà, òrùka, gbogbo wọn ló ní orin kékeré tirẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ń sọ ọ́ bí ẹni pé ayé kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, mo máa ń fẹ́ bi wọ́n léèrè pé ọdún wo ni Àyàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Oríkì kì í sì í ṣe ti ogun nìkan. Nínú fíìmù ti 1983, nígbà tí Vader ń kú lọ, orin kan náà yìí ló padà wá, ṣùgbọ́n kò sí ariwo fèrè idẹ mọ́, kò sí ìlù. Ó rọra ń já bọ́ lórí àwọn fèrè onígi, títí ó fi kù sórí háàpù, okùn kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń kéde rẹ̀ lójú ogun ni wọ́n fi sun ún ní ẹkún. Nígbà tí wọ́n wá padà lọ sí ìgbà ọmọdé rẹ̀ ní 1999, Williams kọ orin jẹ́jẹ́ kan fún ọmọ náà, ó sì fi ìrù “Imperial March” pamọ́ sí ìparí rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ á gbọ́, ẹni tí kò mọ̀ á sọ pé orin aládùn ni. Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù ògìdìgbó. Ọlọ́gbọ́n ní ń jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n.

Mo ti lo ogójì ìṣẹ́jú. Mo fẹ́ bọ́ sórí “Mars”, orin ogun tí Gustav Holst, ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ ní 1914, tí ìlù rẹ̀ jẹ́ márùn-ún márùn-ún dípò mẹ́rin, níbi tí àwọn onífáyólìnì ti yí igi ìfà wọn padà tí wọ́n ń fi í lu okùn. Òyìnbó fẹ́ jagun, ó sọ fáyólìnì di ìlù. Mo gbádùn ìyẹn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ti wà lókè tipẹ́, ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé gángan kọ́ èjìká. Mo ní kó sọ̀rọ̀.

Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ilé Àyàn ni wọ́n ti bí mi. Ẹ ní oríkì ni. Bí èmi bá ki èèyàn, òun ló ń gbọ́, orí tirẹ̀ ló ń wú, òun ni yóò sì nawó. Ọkùnrin aláṣọ dúdú yìí, ṣé ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń lù fún un?”

Ilé pa lọ́lọ́. Ọ̀gbẹ́ni ìlà kejì tún jókòó dáadáa.

Mo jẹ́wọ́ fún yín pé ìbéèrè náà ká mi mọ́. Gbogbo ọdún tí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, n kò bi ara mi léèrè rí. Kò gbọ́ ọ. Kò lè gbọ́ ọ. Òfuurufú tí wọ́n ti ń jà kò tiẹ̀ ní afẹ́fẹ́ tí ohùn lè gbà kọjá; bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́ sáyẹ́ǹsì, gbogbo ìbọn àti ọkọ̀ tó ń bú níbẹ̀, ìdákẹ́rọ́rọ́ ló yẹ kó jẹ́. Nígbà tí wọ́n ń ya ìjà náà, orin kò sí. Ìjà á ti parí, wọ́n á ti gé e, wọ́n á ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Olùdarí fíìmù àti ẹni tó ń kọ orin á wá jókòó wò ó, wọ́n á fẹnu kò lórí ibi tí orin yóò ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí yóò dákẹ́, títí dórí ìṣẹ́jú àáyá. Kí George Lucas, olùdarí Star Wars, tó rí àwòrán ọkọ̀ òfuurufú fún fíìmù ti 1977, fíìmù ọkọ̀ ogun òfuurufú ti Ogun Àgbáyé Kejì ló kọ́kọ́ fi dí àyè ìjà náà, kí wọ́n lè mọ bí yóò ṣe máa yí.

Ẹ̀yin onílù, ẹ ń wo ẹsẹ̀ oníjó, oníjó náà ń gbọ́ yín. Bó bá yára, ẹ ó yára. Bẹ́ ẹ bá dá a dúró, á dúró. Ẹni tó ń kọ orin fíìmù ń wo ẹsẹ̀ oníjó tó ti jó tán, tó ti lọ sílé. Kò lè dá a dúró. Kò sì lè gbowó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ta wá ni wọ́n ń kì? Àwa ni. Àwa tí a jókòó sínú òkùnkùn, tí a ń jẹ gúgúrú. Orí tiwa ló ń wú, àyà tiwa ló ń já. Nítorí náà mo mú ọ̀rọ̀ mi padà ní ìdajì: ó pe ọ̀tá lórúkọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀tá ló pè é fún. Ó sún mọ́ ohun tí onílù ń ṣe tó bá ń sọ fún àwọn ará ilé pé ẹ sá, ẹni báyìí ń bọ̀. Ìyẹn náà, ọ̀rọ̀ ni. Kì í ṣe iyọ̀.

Alága gbé ìwé sókè: ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ku “Duel of the Fates”, èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pè mí. Mo sáré sọ ọ́. London Symphony Orchestra ló lù ú, ẹgbẹ́ akọrin London Voices ló kọ ọ́, ní Abbey Road. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wá láti inú ewì Welsh àtijọ́ kan, Cad Goddeu, ogun àwọn igi. Igi ló di ọmọ ogun. Williams rí i nínú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Robert Graves ṣe, ó yọ ìlà tó ń sọ pé ìjà ńlá kan ń lọ lábẹ́ ìdí ahọ́n, òmíràn ń jà nínú orí, ó sì sọ ọ́ di Sanskrit, èdè àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, nítorí bí fáwẹ̀lì rẹ̀ ṣe ń dún. Kò sí ẹni tó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Ìjà lábẹ́ ìdí ahọ́n, ẹ sì wá fi èdè tí ahọ́n olùgbọ́ kò mọ̀ bò ó mọ́lẹ̀! Tí ọmọ Àyàn kò bá dí mi lọ́wọ́, wákàtí kan ni n bá lò lórí gbólóhùn yẹn nìkan. Ṣùgbọ́n aago lu.

Lẹ́yìn ìpàdé, wọ́n pín oúnjẹ. Ìrẹsì ni, ẹran kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin onígángan gba abọ́ tirẹ̀, ó wò ó, ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó sì fa kọ̀ǹgọ́ yọ. Ó kọjú sí ìyá tó ń bu oúnjẹ. Àárín, àárín, àárín. Ìsàlẹ̀, òkè, àárín. Ìsàlẹ̀, òkè, àárín.

Ìyá náà kò wo Star Wars rí. Ó ní, “Onílù, mo gbọ́,” ó sì fi ẹran méjì kún un.