Aago Ló Le Jù: Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà Ọmọ Abúlé Alaska ní Fairbanks

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ abúlé Alaska, ní Amẹ́ríkà, tó ń lọ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà múra sílẹ̀ fún yunifásítì ní ìlú Fairbanks la fẹ́ sọ. Ẹ jẹ́ ká ti ojú ọ̀nà bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú abúlé Alaska ni kò ní títì tó dé ìlú ńlá. Bàlúù kékeré ni mọ́tò wọn. Ọmọ abúlé kan létí odò Kuskokwim á wọ bàlúù kékeré dé Bethel, á wọ ńlá dé Anchorage, á tún wọ òmíràn dé Fairbanks. Bí kùrukùru bá bo pápá abúlé láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàlúù àkọ́kọ́ kò ní gbéra, àwọn tó kù ò sì ní dúró dè é. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ ọ̀nà fi máa ń ti abúlé gbéra ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú ọjọ́ ìwọlé.

Ibi tí ọmọ ń lọ ni RAHI (Rural Alaska Honors Institute), ètò ìmúrasílẹ̀ tí University of Alaska Fairbanks ti ń ṣe láti 1983 fún àwọn ọmọ ìgbèríko tó wà ní kíláàsì méjì tó gbẹ̀yìn ní sẹ́kọ́ńdìrì, pàápàá àwọn ọmọ bíbí ilẹ̀ náà: Iñupiat, Yup'ik, Athabascan àti àwọn mìíràn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni. Ẹ má fi wé kíláàsì JAMB tí wọ́n ti ń há ìbéèrè ọdún tó kọjá sórí. Kọ́ọ̀sì yunifásítì gidi ni, kírẹ́díìtì rẹ̀ sì ń wọ ìwé èsì ọmọ.

Kí ló fà á tí wọ́n fi ń ṣe é? Kí ó tó di 1976, púpọ̀ nínú àwọn abúlé yìí kò ní ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá á fi ilé sílẹ̀ fún odindi sáà, á lọ gbé ilé ẹ̀kọ́ onílé gbígbé bíi Mt. Edgecumbe ní Sitka, tàbí Chemawa tó wà ní Oregon lọ́hùn-ún. Ẹjọ́ tí wọ́n fi orúkọ Molly Hootch, ọmọbìnrin abúlé kan, pè ló yí i padà: lọ́dún 1976, ìjọba ìpínlẹ̀ gbà láti pèsè sẹ́kọ́ńdìrì sí abúlé 126. Àwọn ọmọ wá ń gbélé, ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ níbi tí olùkọ́ méjì tàbí mẹ́ta ti ń kọ́ gbogbo iṣẹ́, ọmọ tó mọ̀wé dáadáa lè jáde láìtíì fọwọ́ kan irinṣẹ́ físíìsì rí. Àlàfo yẹn ni ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ń gbìyànjú láti dí.

Ní tiwa o, aago ló ń gbé ọmọ ṣubú ju ìṣirò lọ. Ní yunifásítì yìí, ìṣẹ́jú 800 nínú kíláàsì ni kírẹ́díìtì kan. Kọ́ọ̀sì oníkírẹ́díìtì mẹ́ta jẹ́ ìṣẹ́jú 2,400, ìyẹn wákàtí 40. Ẹ pín in sí ọjọ́ 30 tó wà nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìka òpin ọ̀sẹ̀: ìṣẹ́jú 80 lójúmọ́. Wọ́n sì ń retí wákàtí méjì ìdákẹ́kọ̀ọ́ fún wákàtí kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìṣẹ́jú 160 mìíràn. Kọ́ọ̀sì méjì péré ti gba wákàtí mẹ́jọ kí ọmọ tó jẹun. Ẹni tó bá pa ọjọ́ kan jẹ pàdánù ohun tí àwọn tó ń ṣe sáà ọlọ́sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń ṣe ní ọjọ́ méjì ààbọ̀. Bó bá sì gba òdo, òdo náà ò ní parẹ́: àwọn tó ń fúnni lówó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ máa ń wo máàkì, wọ́n tún máa ń wo iye kọ́ọ̀sì tí ọmọ parí nínú èyí tó forúkọ sílẹ̀ fún. Ọmọ tí iṣẹ́ bá ń wọ̀ lọ́rùn gbọ́dọ̀ rí olùdámọ̀ràn rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta ti pẹ́ jù.

Oorun náà ńkọ́? Ní ìparí oṣù June, lẹ́yìn aago méjìlá òru ni oòrùn ń wọ̀ ní Fairbanks, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ìdájí, ó ti yọ; àárín méjèèjì kò ṣókùnkùn. Ẹni tó bá ní ìyẹn ò lè da ọmọ Utqiaġvik, ìlú tó wà ní ìpẹ̀kun àríwá Alaska, láàmú, torí pé oòrùn kì í wọ̀ rárá nílé rẹ̀ lákòókò yẹn, ṣì í rò. Nílé, nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́ ló ń sùn. Ní Fairbanks, kíláàsì àárọ̀ ń dúró dè é. Bébà fàdákà tí wọ́n fi ń wé oúnjẹ ni oògùn rẹ̀. Ẹ gé e kó tóbi ju gíláàsì fèrèsé lọ díẹ̀, kẹ́ ẹ fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ihò tó tó owó kọ́bọ̀ bá ṣẹ́ kù, ojú ìrọ̀rí ni ìmọ́lẹ̀ á bọ́ sí.

Aago kejì kéré ju ìyẹn lọ: ìṣẹ́jú àáyá ni. Láàárín àwọn Yup'ik àti Iñupiat, ẹni tó bá gbé irun òkè ojú sókè díẹ̀ ti dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni". Ẹni tó bá fún imú pọ̀ ti sọ pé "rárá" (kì í ṣe yínmú tiwa o, kò sí ìwọ̀sí níbẹ̀). Olùkọ́ àjèjì á béèrè pé, "Ṣé ó yé ọ?" Ọmọ á gbé ojú sókè. Olùkọ́ ò rí i, á tún un béèrè, á sì kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, pẹ̀lú èrò pé ọmọ yìí ò mọ nǹkan kan. Kí olùkọ́ dákẹ́ díẹ̀ sí i kó sì wo ojú ọmọ, ó ń tún ohun púpọ̀ ṣe. Kí ọmọ náà kọ́ láti la ẹnu sọ ọ́, torí pé gbọ̀ngàn elérò 100 ń bọ̀ níwájú.

Ohun mìíràn tó tún wà nílẹ̀ ni ẹja. Oṣù June ni ẹja salmon tí wọ́n ń pè ní king ń gòkè odò Kuskokwim. Ẹja ọ̀hún ti dín kù débi pé wákàtí díẹ̀ ni wọ́n ń ṣí odò fún àwọn apẹja nígbà kan. Nínú wákàtí wọ̀nyẹn ni ìdílé ń wá ọwọ́ tó máa fa àwọ̀n, tó máa la ẹja, tó máa sá a sókè èéfín. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó lọ sí Fairbanks kì í ṣe ẹnu kan tó dín kù nídìí oúnjẹ. Apá méjì ni. Ìdílé tó bá mọ̀ ọ́n ṣe á ti bá ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò sọ̀rọ̀ láti oṣù April nípa ẹni tó máa di ipò rẹ̀ mú. Bí ọmọ bá padà láàárín oṣù July, king ti kọjá lọ, àmọ́ coho, oríṣi salmon mìíràn, ń bọ̀ ní August.