Kí Bọ́ọ̀sì Yín Tó Dé Stonehenge

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí iléèwé yín fẹ́ kó lọ wo Stonehenge, àwọn òkúta ńláńlá àtijọ́ tí wọ́n tò ní róbótó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jẹ́ ká yáa sọ ọ́ báyìí: wọn ò ní jẹ́ kí ẹ wọ àárín àwọn òkúta náà. Ẹ̀yìn okùn lẹ máa dúró sí. Nígbà kan rí, ńṣe làwọn àlejò máa ń fi òòlù fọ́ díẹ̀ lára ẹ̀ mú lọ sílé. Ojú nìkan ló kù tí ẹ máa lò, nítorí náà, ó yẹ kí ẹ mọ ibi tí ẹ máa wò.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn wo bó ṣe tóbi tó, wọ́n á ya fọ́tò, ó tán. Ó tóbi lóòótọ́. Àwọn ńláńlá inú wọn wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 25. Ṣùgbọ́n ní tèmi o, orí òkúta ni kí ẹ wò. Ẹ wá èyí tó ga ju gbogbo wọn lọ, ó ju mítà 6 lọ láti ilẹ̀. Ṣé ẹ rí kókó roboto tó yọ lórí rẹ̀ yẹn? Ẹnikẹ́ni ò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Òkúta ni wọ́n fi ń lu òkúta, tí wọ́n ń ha á lọ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ku kókó yẹn nìkan. Wọ́n wá gbẹ́ ihò sábẹ́ òkúta tó dábùú lé e, kí kókó lè wọnú ihò, bí káfíńtà ṣe ń fi igi há igi. Èyí tó dábùú yẹn ti já lulẹ̀ tipẹ́, ìyẹn ni kókó ṣe hàn síta. Nǹkan bí ọdún 2500 kí wọ́n tó bí Jésù ni gbogbo èyí o, kò tíì sí irin níbẹ̀ rárá.

Ẹni tó bá sì sọ fún yín pé àwọn Druid, ìyẹn àwọn àlùfáà ìbọ̀rìṣà ayé àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́ ọ, ẹ bi í bí wọ́n ṣe kọ́ ohun tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ wọn.

Níbo ni wọ́n ti kó òkúta wá? Àwọn kéékèèké wá láti àwọn òkè Preseli ní Wales, ó ju kìlómítà 200 lọ. Òkúta kan tí wọ́n ń pè ní Altar Stone, tó sùn sílẹ̀ lábẹ́ àwọn míì tó wó lù ú, Wales ni wọ́n pe tòun náà, àfi lọ́dún 2024 tí àyẹ̀wò gbé e dé àríwá ìlà-oòrùn Scotland.

Ti àwọn ńlá ló dùn ún gbọ́ jù. Lọ́dún 1958, wọ́n lu ihò gba inú ọ̀kan tó ti sán, kí wọ́n lè fi irin dè é. Òkúta tẹ́ẹ́rẹ́ tó jáde nínú ihò yẹn, òṣìṣẹ́ kan gbé e lọ sílé, ó sì gbé e dé Amẹ́ríkà. Ọdún 2018 ló tó dá a padà. Wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, nígbà tó di 2020, àṣírí tú: igbó West Woods ni wọ́n ti kó o wá, bíi kìlómítà 25 péré sí Stonehenge. Ká ní ó ti sọ ọ́ nù ńkọ́? Ta ló máa gbà kí wọ́n tún lu òkúta yẹn lóde òní?

Ẹ wo Heel Stone náà, èyí tó dá dúró lápá àríwá ìlà-oòrùn. Apá ibẹ̀ ni oòrùn ti ń yọ lọ́jọ́ tí ojúmọmọ gùn jù lọ́dún; òdìkejì ló ń wọ̀ sí lọ́jọ́ tó kúrú jù.

Láti ilé ìgbàlejò dé ìdí òkúta tó nǹkan bíi kìlómítà 2. Bọ́ọ̀sì wà, ṣùgbọ́n tí olùkọ́ yín bá gbà, ẹ fẹsẹ̀ rìn ín, kí ẹ lè rí àwọn òkìtì ibojì àtijọ́ lọ́nà. Ẹ wọ kóòtù. Pápá gbalasa ni Salisbury Plain tí Stonehenge wà, atẹ́gùn ibẹ̀ ò mọ̀ pé ẹ wá kàwé.