Ẹsẹ̀ iwájú ni ọ̀gá: bí a ṣe ń gun longboard, láti gbígbá ilẹ̀ dé orí jíjó

Ẹ kú ọjọ́ Sunday o, ẹ̀yin èèyàn mi. Hyde Park la wà, ní London, lójú ọ̀nà Serpentine tí àwọn onísíkéètì máa ń kóra jọ sí. Àbúrò mi ló di kámẹ́rà mú, tí àwòrán bá ń mì, òun ni kẹ́ ẹ bá wí. Ẹ ti ń béèrè ẹ̀kọ́ yìí lọ́wọ́ mi tipẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́ wa bẹ́ ẹ ṣe ń rìn lórí bọ́ọ̀dù yẹn." Ó dáa, mo ti gbọ́. Longboard ni bọ́ọ̀dù náà, síkéètì gígùn oní táyà mẹ́rin tí èèyàn máa ń dúró lé lórí. Ṣùgbọ́n rírìn tẹ́ ẹ rí yẹn, tá à ń pè ní ijó, ìkẹyìn ló ń bọ̀. Ẹni tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń dúró, kí ló fẹ́ fi jíjó ṣe?

Bọ́ọ̀dù ná. Tèmi yìí gùn tó ínǹṣì 46, torí pé ijó ni mo fi ń jó. Bọ́ọ̀dù ijó sábà máa ń wà láàárín ínǹṣì 42 sí 48. Ẹni tó kàn fẹ́ máa gùn ún lọ síbi iṣẹ́, kó wá èyí tí wọ́n gbẹ́ ihò sí níwájú àti lẹ́yìn, tí irin tó gbé táyà gba inú ihò náà kọjá. Drop-through lorúkọ ẹ̀. Ó máa ń súnmọ́ ilẹ̀, orúnkún ò sì ní tètè ro yín.

Táyà: mílímítà 70, 78A. Nọ́ńbà tó ní A lẹ́yìn yẹn ló ń sọ bí táyà ṣe le tó. Bó bá ṣe kéré sí ni táyà ṣe rọ̀ sí. Àwọn ọmọ tó ń fi bọ́ọ̀dù kékeré fò ní Southbank, létí odò Thames lọ́hùn-ún, tiwọn sábà máa ń tó 99A, kékeré, líle koránkorán, torí pé ilẹ̀ wọn ń dán. Ẹ gbé irú ẹ̀ wá sórí ọ̀dà yìí kẹ́ ẹ wò ó, eyín yín á máa lura wọn. Àwọn tó ń gun ìgbì omi ní California àti Hawaii ló bẹ̀rẹ̀ eré yìí, irin ni táyà wọn nígbà yẹn, lẹ́yìn náà amọ̀. Òkúta wẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, táyà á há, èèyàn á fò lọ. Frank Nasworthy ló mú táyà urethane, irú ike kan, wọ inú eré náà níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Òun ni kẹ́ ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ tí orúnkún yín bá ṣì wà ní odindi.

Ẹnì kan kọ̀wé láti Ìbàdàn pé ọ̀nà àdúgbò àwọn kò dán, ṣé kóun jáwọ́ ni. Rárá o. Ẹ ra táyà tó tóbi, mílímítà 75, kó rọ̀. Kẹ́ ẹ wá inú ẹ́sítéètì tó dákẹ́, tàbí ibi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí kò sí ìsìn. Ẹ má gbé e sójú ọ̀nà tí Micra ń gbà, mo bẹ̀ yín. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé yanrìn léwu ju kòtò lọ. Kòtò, ẹ máa rí i látòkèèrè. Yanrìn fẹ́lẹ́ lórí ọ̀dà, ilẹ̀ lẹ máa wà kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Béárìn, ìyẹn òrùka irin kékeré inú táyà tó ń jẹ́ kó yí. Ẹ gbọ́, ẹ má fi WD-40, èyí tí wọ́n ń fọ́n látinú agolo yẹn, ṣe òróró béárìn. Mo ti sọ ọ́ nínú fídíò tó kọjá, mo tún ń sọ ọ́. Gíríìsì ló máa fọ̀ dànù, òun fúnra ẹ̀ kì í sì í dúró. Òróró béárìn ni kẹ́ ẹ rà, ẹ kán an lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ó tó.

Nọ́ọ̀tì ńlá tó wà láàárín irin tó gbé táyà yìí, tó fún búṣìn, ìyẹn rọ́bà tó ń jẹ́ kí bọ́ọ̀dù lè yà, pọ̀, sípánà ínǹṣì 9/16 ló ń ṣí i. Tẹ́ ẹ bá tú u jù, bọ́ọ̀dù á máa gbọ̀n. Tẹ́ ẹ bá dì í pa, kò ní yà. Ẹ gun orí ẹ̀, kẹ́ ẹ fì síwájú, fì sẹ́yìn, ẹ ó mọ ibi tó bá yín lára mu.

Akoto lórí, ìbọ̀wọ́ tó ní ike líle lọ́rùn ọwọ́. Ìyẹn ò nílò àlàyé. Ìyá wa kan béèrè bóyá òun lè ró ìró gùn ún. Ẹ̀yin ìyá mi, mo dọ̀bálẹ̀ o, ẹ wọ ṣòkòtò. Tí etí ìró bá fi lè wọ abẹ́ táyà, ẹ̀yin àti ìró lẹ jọ máa lọ.

Ó yá. Ẹsẹ̀ wo ló máa wà níwájú? Ẹ ní kí ẹnì kan rọra tì yín látẹ̀yìn lójijì. Ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ bá yára gbé síwájú, òun ni. Tó bá jẹ́ tòsì, regular ni wọ́n ń pè yín. Tó bá jẹ́ ọ̀tún, goofy. Goofy lèmi, kò sí àbùkù níbẹ̀.

Ẹ wá wo èyí dáadáa. Ẹsẹ̀ iwájú, ẹ gbé e sẹ́yìn bóòtù iwájú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó de irin táyà mọ́ bọ́ọ̀dù, kí ìka ẹsẹ̀ kọjú síbi tẹ́ ẹ̀ ń lọ, kó kàn yà díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo ara yín, orí ẹsẹ̀ yẹn ló wà. Gbogbo ẹ̀! Ẹsẹ̀ iwájú ni ọ̀gá. Ẹ máa gbọ́ ọ títí á fi sú yín. Ẹ wo orúnkún mi, ó ká. Ẹni tó bá dúró gbandi lórí ẹsẹ̀ iwájú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ ò ní dé ilẹ̀ àfi tó bá tẹ̀ wọ́, bó bá sì ti tẹ̀ wọ́, bọ́ọ̀dù ti yà nìyẹn. Ẹ ká orúnkún iwájú, kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀dù, kó gbá ilẹ̀ sẹ́yìn gbọọrọ, kó padà sórí ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yí ẹsẹ̀ iwájú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ dúró bí ẹ ṣe máa dúró.

Mo ń yára, mo mọ̀. Ẹ dá fídíò padà tí kò bá yé yín.

Ẹ dúró... ajá ń bọ̀. Ajá ńlá. Sorry, ma! Ó ti kọjá. Ajá lókùn lọ́rùn, ẹni tó di okùn ẹ̀ mú ń tẹ fóònù. Ẹ máa ṣọ́ irú okùn yẹn, gígùn ẹ̀ lè dí gbogbo ọ̀nà.

Bíréèkì. Ibí yìí ni mi ò ti ní yára. Ọ̀pọ̀ fídíò tí mò ń rí, wọ́n á kọ́ yín ní ijó, wọ́n á kọ́ yín ní fífò, wọn ò ní kọ́ yín ní dídúró. Inú máa ń bí mi sí i. Ẹ ṣe bí ẹni fẹ́ gbá ilẹ̀: ẹsẹ̀ iwájú kọjú síwájú, orúnkún ká, ara wà lórí ẹ̀. Ẹ wá gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sílẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó kàn kan ilẹ̀ fẹ́rẹ́, bí ẹni ń fi ìka tọ́ ẹ̀kọ gbígbóná wò. Ẹ gbọ́ ìró bàtà yẹn? Ṣàààà. Ẹ wá máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Eré á máa wálẹ̀ títí bọ́ọ̀dù á fi dúró.

Ohun tó ń gbé èèyàn ṣubú níbí ni pé wọ́n á kó ara lé ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀. Ilẹ̀ á di ẹsẹ̀ yẹn mú, bọ́ọ̀dù á sáré lọ, ẹsẹ̀ méjèèjì á yà gbàgà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹ lọ dán an wò. Ara ò gbọdọ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀ iwájú. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kàn ń ha ilẹ̀ ni, òun kọ́ ló gbé yín. Gìgísẹ̀ nìkan kọ́ lẹ máa fi kanlẹ̀ o, á ta yín sókè.

Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀. Ẹ bọ̀ látòkèèrè, kẹ́ ẹ dúró kẹ́ ẹ tó kọjá ìlà. Tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ fi kún eré. Ẹ wò mí báyìí, mò ń bọ̀... ṣàààà... orí ìlà gẹ́lẹ́! Ẹ rí nǹkan! Àbúrò, ṣó o yà á? O ò yà á? Igi lò ń yà? Háà. Ó dáa, ẹ ṣáà gbà mí gbọ́.

Bàtà á jẹ o. Kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ló dáa jù, ẹ má wọ èyí tó nípọn lábẹ́.

Yíyà báyìí rọrùn. Ẹ tẹ ìka ẹsẹ̀, bọ́ọ̀dù á yà síwájú yín, ìyẹn síbi tí àyà yín kọjú sí. Ẹ tẹ gìgísẹ̀, á yà sẹ́yìn yín. Ṣùgbọ́n ojú ló máa kọ́kọ́ lọ, èjìká á tẹ̀ lé e, ìbàdí, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀. Ẹ má wo ẹsẹ̀! Ẹsẹ̀ yín ò ní sá lọ síbì kankan. Ibi tẹ́ ẹ bá ń wò lẹ máa lọ. Tẹ́ ẹ bá tẹjú mọ́ igi, inú igi náà lẹ máa bá ara yín.

Ọ̀pọ̀ yín ló béèrè nípa gbígbọ̀n. Ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tó da gẹ̀rẹ́, bọ́ọ̀dù á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́tùn-ún lósì lábẹ́ yín, ẹ̀rù á bà yín, ẹ ó sún ara sẹ́yìn. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Tí ara bá ti sún sẹ́yìn, táyà ẹ̀yìn á máa darí táyà iwájú, gbígbọ̀n á le sí i. Ẹ gbé ara síwájú. Ẹ ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ: ẹsẹ̀ iwájú ni ọ̀gá. Ẹ ká orúnkún, kẹ́ ẹ dẹ ara, ẹ má bá a jà. Ní 2017, Peter Connolly gun bọ́ọ̀dù lọ sísàlẹ̀ òkè ní Les Éboulements, ní Quebec, lórílẹ̀-èdè Kánádà, eré ẹ̀ dé kìlómítà 146.73 ní wákàtí kan. Àwọn tó ń sá irú eré yẹn, ẹ wo àwòrán wọn: wọ́n ká mọ́lẹ̀, àyà fẹ́ẹ̀ kan orúnkún iwájú. Kì í ṣe torí afẹ́fẹ́ nìkan. Èmi ò ní bá yín débẹ̀ o, mo lọ́mọ nílé.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dín eré kù lórí òkè, bíréèkì ẹsẹ̀ nìkan ò ní tó títí lọ. Ẹ ó kọ́ sláìdì, èyí tí wọ́n fi orúkọ Cliff Coleman, ará Berkeley ní California, pè. Ẹ ó wọ ìbọ̀wọ́ tó ní ike pẹlẹbẹ látẹ́lẹwọ́, ẹ ó lóṣòó, ẹ ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, bọ́ọ̀dù á sì yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mi ò ní ṣe é níbí. Àwọn arúgbó àti ọmọ kéékèèké ló pọ̀ nínú ọgbà yìí, ilẹ̀ ibí sì tẹ́ jù.

Ijó wá kàn. Ẹ mú ara le.

Orí koríko lẹ máa kọ́kọ́ gbé bọ́ọ̀dù sí, kí táyà má lè yí. Ẹ dúró, ẹsẹ̀ kan sún mọ́ bóòtù iwájú, ìkejì sún mọ́ tẹ̀yìn. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kó gba iwájú ẹsẹ̀ kejì kọjá, kó balẹ̀ sí apá iwájú bọ́ọ̀dù. Ẹsẹ̀ ti dábùú ara wọn báyìí. Ẹ má sáré. Ẹ jẹ́ kí ara kọ́kọ́ kúrò lórí ẹsẹ̀ àtijọ́ wá sórí tuntun. Ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ níwájú ló di ọ̀gá. Ìgbà tó bá gba ara tán lẹ tó lè fa ìkejì jáde lẹ́yìn ẹ̀, kó sì bọ́ síwájú. Láti padà, ọ̀nà kan náà lẹ máa gbà, ẹ kàn dà á kọ ni.

Àárín bọ́ọ̀dù ni ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ máa balẹ̀ sí. Tẹ́ ẹ bá tẹ etí ẹ̀, á yà, ẹ ó sì tẹ̀ lé e lọ sínú koríko. Tó bá ti mọ́ yín lára, ẹ gbé e sórí ọ̀dà, ẹ gbá ilẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ rìn. Eré díẹ̀ sàn ju àìsáré rárá lọ, bọ́ọ̀dù tó ń lọ máa ń dúró ṣinṣin ju èyí tó fẹ́ dúró.

Ijó tí wọ́n ń pè ní Peter Pan ló tẹ̀ lé e. Ẹ dúró láàárín bọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ pa kíkọjá ẹsẹ̀ pọ̀ mọ́ yíyà: bọ́ọ̀dù ń yà síwájú yín, ẹsẹ̀ ń kọjá, ó ń yà sẹ́yìn yín, ẹsẹ̀ ń padà. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń fẹsẹ̀ gbe ìlù á tètè gbà á. Ẹ kọ orin lẹ́nu, ó máa ń ràn mí lọ́wọ́. Àbúrò, má rẹ́rìn-ín.

Ẹnì kan sọ pé eré àwọn ọmọ òyìnbó nìyí, kí ni mò ń wá níbẹ̀. Hyojoo Ko, ọmọ Korea ni, fídíò ijó rẹ̀ ti yí ayé ká. Wọ́n ń ṣe ìdíje ijó longboard ní Eindhoven, ní Netherlands, ibi gbogbo láyé ni wọ́n ti ń wá. Ẹ lọ wò ó, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ padà wá bú mi.

Yéè, òjò ti ń kán. Ẹ má gùn ún nínú òjò o, urethane máa ń yọ̀ lórí ọ̀dà tútù, bíréèkì ẹsẹ̀ náà ò sì ní di ilẹ̀ mú. Tó bá ti rin, ẹ tú táyà kalẹ̀ tẹ́ ẹ bá délé, ẹ yọ béárìn, ẹ nù ún gbẹ, ẹ kán òróró sí i, kẹ́ ẹ tó sùn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ti pẹ́ jù, ìpẹtà á ti mú un. Òróró béárìn mo wí o, kì í ṣe... ẹ ti mọ̀ ọ́n. Àbúrò, pa á, kámẹ́rà ń tutù.