Ilé Nìkan Kọ́ Ló Jóná ní Altadena

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lórí Altadena, àdúgbò kan ní ẹsẹ̀ òkè San Gabriel ní California, ní àríwá ìlú Pasadena. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ keje oṣù Kíní ọdún 2025 ni iná ṣẹ́ yọ ní àfonífojì Eaton. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní Santa Ana ń já bọ̀ láti orí òkè, ó le débi pé bàálù panápaná kò lè fò lálẹ́ ọjọ́ náà. Ènìyàn 19 ló bá iná ọ̀hún lọ. Ilé tó ju 9,000 lọ ló jóná.

Altadena kò ní méyọ̀. Ìjọba kaúńtì Los Angeles ló ń ṣàkóso rẹ̀, ìgbìmọ̀ tí àwọn ará àdúgbò ń dìbò yàn kò sì lágbára ju kó gbani nímọ̀ràn lọ. Ibo wá ni wọ́n ti ń jókòó sọ̀rọ̀ ara wọn? Ilé ìjọsìn ni, ilé ẹ̀kọ́ ni, ilé ìkàwé ni, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ra ìṣó àti ọ̀dà ni. Iná jó Mọ́sáláṣí Al-Taqwa. Ó jó Altadena Community Church, ó jó ilé ẹ̀kọ́ Eliot, ó tún jó ilé ìgbafẹ́ àwọn àgbàlagbà. Àfi bí ẹni pé ààfin àti ọjà jó lóru kan náà.

Ìwọ̀ oòrùn Lake Avenue, òpópónà tó la Altadena já, ló dùn mí jù. Nígbà tí ẹ̀tanú kò jẹ́ kí àwọn aláwọ̀ dúdú rílé rà níbòmíì, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti rí ti wọn rà, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún ọmọ àti ọmọ ọmọ. Aago mẹ́ta òru ti kọjá kí àṣẹ pé kí wọ́n sá kúrò tó dé ọ̀dọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn ará ìlà-oòrùn ti gba tiwọn ní ọ̀pọ̀ wákàtí ṣáájú. Ibẹ̀ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo àwọn tó kú ń gbé. Èyí kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ rárá!

Ní sínágọ́gù tó wà lẹ́bàá ibẹ̀ ní Pasadena, àwọn ọmọ ìjọ sáré wọlé, wọ́n gbé gbogbo ìwé kíká Tórà, ìwé mímọ́ àwọn Júù, jáde sínú ọkọ̀ kí ilé náà tó jó kanlẹ̀. Ilé ìkàwé Altadena yè. Àwọn igi ńláńlá òpópónà Christmas Tree Lane, tí wọ́n ti gbìn láti nǹkan bí ọdún 1885, yè lọ́pọ̀ jù lọ. Láti ọdún 1920 ni wọ́n ti ń fi iná ṣe wọ́n lọ́ṣọ̀ọ́ lásìkò Kérésìmesì, àwọn ará àdúgbò tí kì í gba kọ́bọ̀ ló sì ń so gílóòbù náà.

Àwọn oníṣòwò ti ń ra ilẹ̀ tó jóná. Àwọn onílé kan ri pátákó mọ́lẹ̀ pé Altadena kì í ṣe títà, bí a ṣe máa ń kọ ọ́ sára ògiri l'Ékòó. Mo dúró tì wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó tún ilé kọ́ tí kò rí mọ́sáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé ẹ̀kọ́ fọ́mọ rẹ̀ yóò tà nígbẹ̀yìn. Nítorí náà, kí owó àtúnkọ́ kan àwọn ilé wọ̀nyí láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má fi í sílẹ̀ di ìgbà tí ilé gbígbé bá parí.