A Ti Fi Òjé Bọ Mọ́tò Lọ́wọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn mẹkáníìkì, awakọ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ ìlera sọ ní Ìbàdàn nìyí. Mo tún un kọ fún ẹ̀yin tí ẹ ò lè wá. Mo yọ ibi tí mo ti ń wá awò ojú mi kúrò. Mi ò yọ àwàdà, mi ò sì yọ èébú.

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ní kí n sọ bí mọ́tò ṣe yí ìgbé ayé àti ìlera àwọn èèyàn padà nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sáyé. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mi rí ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ìyàwó mi kìlọ̀ fún mi lówùúrọ̀ yìí pé kí n má dárúkọ òjé títí n ó fi sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Màá gbìyànjú.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgbẹ́. Ní New York, bí ọ̀rúndún ogún ṣe ń wọlé bọ̀, ẹṣin tó ń fa èèyàn àti ẹrù káàkiri ìgboro lé ní 100,000. Ẹṣin kan lè ya ìgbẹ́ kílò 10 lójúmọ́. Ẹ ṣírò ó. Mi ò tíì ka ìtọ̀ mọ́ ọn o. Tí òjò bá rọ̀, títì á di ẹrọ̀fọ̀ ìgbẹ́; tí oòrùn bá mú, ẹrọ̀fọ̀ á gbẹ, á di eruku, èèyàn á sì máa fà á símú. Eṣinṣin á gbéra lórí ìgbẹ́, á bà sórí oúnjẹ, ìgbẹ́ gbuuru á sì dá ọmọ ọwọ́ dúbúlẹ̀. Ní ọdún 1880 nìkan, òkú ẹṣin tí wọ́n gbé kúrò lójú títì ìlú yẹn tó 15,000. Nítorí náà, nígbà tí mọ́tò dé, bí wolé-wolé ló rí lójú wọn, wolé-wolé tí ẹnikẹ́ni ò sá fún. Kì í yàgbẹ́, kì í kú sójú títì kó máa wú. Èéfín tó ń tú nídìí rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. Ibo ló ń gbé e lọ? Ẹnikẹ́ni ò béèrè.

Ní tiwa níhìn-ín, kì í ṣe ẹṣin ni mọ́tò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Eṣinṣin tsetse kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ nínú igbó. Orí èèyàn ló ń ru ẹrù. Ìgbà tí wọ́n la títì Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ fún mọ́tò ní 1906, ọrùn ọ̀pọ̀ alárùú ló sinmi. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà délé wí pé ọ̀tá mọ́tò ni mí.

Ṣùgbọ́n mọ́tò ìgbà yẹn máa ń ṣẹ́ èèyàn lápá. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń tẹ bọ́tìnnì kí ọkọ̀ tó jí, ẹ gbọ́. Irin kan ni wọ́n ń kì bọ iwájú ọkọ̀, wọ́n á máa yí i tagbára-tagbára títí ẹ́ńjìnnì á fi dáhùn. Tí ẹ́ńjìnnì bá dáhùn sódì, irin yẹn á já padà, á sì gba ẹni tó mú un lọ́wọ́. Títí dòní, irú egungun ọrùn ọwọ́ kan wà tó jẹ́ pé tó bá ṣẹ́, orúkọ awakọ̀ ni àwọn dókítà òyìnbó fi ń pè é. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Charles Kettering ló gbà wá. Ó ṣe ẹ̀rọ kékeré tó ń fi iná bátìrì jí ẹ́ńjìnnì, Cadillac sì gbé e jáde sínú ọkọ̀ ọdún 1912. Obìnrin tí kò lágbára láti yí irin á kàn jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, á wà á lọ. Ẹ fi orúkọ Kettering sápò. Ẹ fi bátìrì yẹn náà tì í.

Ó tó gẹ́ẹ́. Ìyàá wọn, ẹ forí jì mí: òjé.

Nígbà tí ẹ̀yin mẹkáníìkì bá sọ pé ẹ́ńjìnnì kan ti nọ́ọ̀kì, òkú ẹ́ńjìnnì lẹ ń sọ, a ti ń wá owó òmíràn nìyẹn. Kì í ṣe nọ́ọ̀kì yẹn ni mò ń wí. Nọ́ọ̀kì ti àwọn ará Amẹ́ríkà ìgbà náà ni ariwo kọ́-kọ́-kọ́ tí ẹ́ńjìnnì máa ń pa tí ọkọ̀ bá ń gun òkè, nítorí pé bẹntiróòlù ń gbiná kí àsìkò rẹ̀ tó pé. Kettering, tó ti di ọ̀gá ibi ìwádìí ilé iṣẹ́ General Motors, ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ Thomas Midgley wá oògùn sí i. Ní ọjọ́ 9 oṣù December 1921, ní Dayton ní ìpínlẹ̀ Ohio, Midgley rí i: tetraethyl lead, òjé tí wọ́n sọ di olómi. Èyí tí wọ́n ń bù sí gálọ̀nù epo kan kò tó ṣíbí tíì kan, kọ́-kọ́-kọ́ á sì dákẹ́. Ní February 1923 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Ethyl. Ẹ wá gbogbo orúkọ yẹn yẹ̀bẹ́yẹ̀bẹ́, ẹ ò ní bá òjé níbẹ̀.

Wọ́n mọ̀. Ohun tí mo wá sọ nìyẹn, mo sì tún máa sọ ọ́. Àwọn ọ̀gá kan wà tí wọ́n máa ń ta kò mí tí mo bá dé ibí yìí. Wọ́n á ní ojú ayé ìsinsìnyí ni mo fi ń wo ti àtijọ́, pé àwọn ẹni àná ò mọ̀. Ojú ìsinsìnyí kọ́ ni mo fi ń wò ó o. Ojú Alice Hamilton ni. Dókítà ni, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di olùkọ́ ní Harvard, ní 1919, kí ó tó débẹ̀ ló sì ti wọ inú ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi òjé ṣe ọ̀dà, ó ti rí àwọn òṣìṣẹ́ tí ọwọ́ wọn rọ jọ̀wọ̀lọ̀ bí ewé tó rọ. Àwọn olórìṣà tiwa ń fi òjé bọ ọwọ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi ẹnì kan hàn mí tó yọ́ ọ mu. Midgley fúnra rẹ̀ mọ̀: ní ìbẹ̀rẹ̀ 1923, òjé ti wọ̀ ọ́ lára débi tó fi pa iṣẹ́ tì, ó lọ gba atẹ́gùn ní Florida.

Ẹ wá wo October 1924. Ní Bayway ní New Jersey, níbi tí ilé iṣẹ́ Standard Oil ti ń po òjé yìí, àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí kò sí. Wọ́n ń pariwo, wọ́n ń bá afẹ́fẹ́ jà, àwọn kan wà tó jẹ́ pé okùn ni wọ́n fi dè wọ́n. Márùn-ún kú. Ó lé ní 30 tó dèrò ọsibítù. Ní ilé iṣẹ́ míì tó jẹ́ ti DuPont, àwọn òṣìṣẹ́ ti ń pe ilé tí wọ́n ti ń ṣe é ní ilé labalábá, nítorí pé kòkòrò tí ẹlòmíì ò rí ni wọ́n máa ń gbá dànù lára. Àwọn ìwé ìròyìn New York ń pè é ní epo wèrè.

Kí ni Midgley ṣe? Ní ọjọ́ 30 oṣù yẹn, ó pe àwọn akọ̀ròyìn jọ, ó da òjé olómi sọ́wọ́, ó fi ṣan ọwọ́, ó gbé ìgò rẹ̀ sí imú, ó fà á símú fún ìṣẹ́jú kan. Ó ní kò sí ewu níbẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Florida dé!

Ní ọjọ́ 20 oṣù May 1925, àgbà dókítà ìjọba Amẹ́ríkà pe ìpàdé ní Washington lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi parí rẹ̀. Ìpàdé ẹbí lórí ilé bàbá wa máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnì kan láti ilé iṣẹ́ Ethyl dìde, ó ní ẹ̀bùn Ọlọ́run ni òjé yìí. Hamilton wà níbẹ̀. Yandell Henderson, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Yale, náà wà níbẹ̀, ó ní èéfín yìí á máa wọ ara àwọn aráàlú díẹ̀díẹ̀ ni, títí yóò fi bọ́ sórí. Ìbéèrè tó sì wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kọ sílẹ̀: ṣé ẹni tó ń tà á ló yẹ kó fi hàn pé kò léwu, àbí ẹni tó ń fà á símú ló yẹ kó fi hàn pé ó léwu? Wọ́n gbé ẹrù náà ka orí ẹni tó ń fà á símú. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n yàn jábọ̀ ní 1926 pé àwọn ò tíì rí ìdí láti fòfin dè é, ṣùgbọ́n kí ìjọba máa ṣe ìwádìí lọ. Ìjọba ò ṣe é. Dókítà Robert Kehoe, tí owó àwọn tó ń ta òjé ń bọ́, ni ayé wá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ fún nǹkan bí ogójì ọdún.

Ohun tó dùn mí jù kò tíì jáde lẹ́nu mi. Nǹkan mìíràn wà tó lè dá nọ́ọ̀kì yẹn dúró. Midgley àti Kettering mọ̀ ọ́n, wọ́n ti fi dán ọkọ̀ wò: ọtí líle. Bẹ́ẹ̀ ni, irú ohun tó wà nínú ògógóró! (Ibí yìí ni gbọ̀ngàn ti hó, awakọ̀ kan sì kígbe pé òun ti ń sọ ọ́ látọjọ́ yìí.) Ṣùgbọ́n gbogbo àgbẹ̀ ló lè pọn ọtí. Ta ni yóò wá sọ pé òun nìkan ló ni ín, kó máa gba owó lórí rẹ̀?

Alága ti na ìwé pélébé sí mi. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù, òjé ti jẹ gbogbo àkókò yòókù. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí mọ́tò pa. Bridget Driscoll, London, ọjọ́ 17 August 1896: ọkọ̀ tí kò sáré tó kẹ̀kẹ́ ológeere ló pa á. Títì tó jẹ́ ti ọmọdé àti oníkiri tẹ́lẹ̀ di ti ọkọ̀. Ní 1923, ó lé ní 40,000 èèyàn ní Cincinnati tó buwọ́ lùwé pé kí wọ́n fi ohun tí kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ sáré ju kìlómítà 40 ní wákàtí kan sínú gbogbo ọkọ̀ ìlú náà. Àwọn onímọ́tò náwó, wọ́n sì já wọn nínú ìbò. Wọ́n tún tan orúkọ èébú kan kálẹ̀ fún ẹni tó bá fẹsẹ̀ sọdá títì. Ẹ rí i, ẹrù ẹlẹ́ṣẹ̀ náà tún ti bọ́ sórí ẹlẹ́sẹ̀.

Bí òjé ṣe kúrò nínú epo, kíákíá: Clair Patterson, tó fi òjé inú òkúta mọ ọjọ́ orí ayé, pariwo ní 1965 pé òjé ti kún ara gbogbo wa. Láti 1975, ọkọ̀ tuntun ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lo epo tí kò ní òjé, kì í ṣe nítorí ọmọdé o, nítorí pé òjé ń ba ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín jẹ́ ni. Láàárín 1976 sí 1980, òjé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ fi ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀. Àwa? Ní June 2001 ni àwọn orílẹ̀-èdè wa pàdé ní Dakar ní Senegal, wọ́n ní kí òjé kúrò nínú epo kí 2006 tó wọlé. Algeria ló ṣe ìkẹyìn láyé, ní July 2021. Ọdún 98 lẹ́yìn tí wọ́n kọ́kọ́ tà á. Ẹ̀yin náà mọ òwe rẹ̀: a ti fi òjé bọ olóòṣà lọ́wọ́, ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ jókòó sí. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì nawọ́ láti béèrè ìbéèrè, ṣùgbọ́n bàbá kan ti dìde lẹ́yìn wọn láìnawọ́.

“Olùkọ́, ẹ kú làákàyè,” ó ní. “Èmi ò ta epo rí. Bátìrì ni mò ń ṣe láti 1984. Tó bá ti kú pátápátá, a ó fọ́ ọ, a ó da omi inú rẹ̀ nù, a ó yọ òjé rẹ̀, a ó yọ́ ọ nínú ìkòkò irin. Ẹ̀yìnkùlé mi ni. Ẹ ti ń sọ ọ́ bọ̀ láti àárọ̀ pé wọ́n mọ̀, wọ́n mọ̀. Èmi ńkọ́? Ṣé mo mọ̀?”

Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Mo ti ní kí ẹ fi bátìrì sápò, mi ò sì rántí kó o jáde mọ́.

Mo ní, “Bàbá, Midgley ní dókítà, ó ní ibi ìwádìí, ọ̀gá rẹ̀ sì fún un láyè kó lọ sinmi ní Florida. Ta ló rán ẹ̀yin lọ sí Florida?”

Ó ní, “Ṣakí ni mo máa ń lọ.”

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò jókòó. Mo wá sọ ohun tí kò sí nínú ìwé tí mo gbé wá. Bátìrì ló ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú òjé ayé lónìí. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar kan náà tí wọ́n ti pàdé lórí epo, ọmọdé 18 kú láàárín November 2007 sí March 2008. Òjé bátìrì tó ti dà pọ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀ àdúgbò wọn ló pa wọ́n. Ẹ ò nílò kí n sọ ti Zamfara fún yín, níbi tí òjé ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà ti pa ọ̀pọ̀ ọmọdé. Òjé tí ọmọ kékeré bá gbé mì, èyí tó máa ń wọ̀ ọ́ lára tó ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ti àgbàlagbà, ọpọlọ ló sì ń bá jà. Mo ní kó má jẹun níbi iṣẹ́, kó bọ́ aṣọ iṣẹ́ kó tó wọlé, kó má gbá eruku ibẹ̀ ní gbígbẹ, kó bu omi sí i ná, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ilé wò.

“Àwọn ọmọ ọmọ mi mẹ́rin ló ń ṣeré níbẹ̀,” ó ní. “Tí mo bá gbé ìkòkò yẹn kúrò lẹ́yìnkùlé, níbo ni kí n gbé e lọ?”

Mo wo alága. Alága wo aago, ó ní àkókò ti lọ.

Nígbà tí wọ́n pín àkàrà àti mínírà, bàbá náà ò gba tiẹ̀. Ó ń wá omi. Ẹ̀rọ omi gbọ̀ngàn yẹn ò sì yọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí a ò jẹ́ kí wọ́n béèrè ìbéèrè ló fi eyín já píọ́ wọ́tà, wọ́n ń dà á sí i lọ́wọ́. Mẹ́ta ló lò. Abẹ́ èékánná ló pẹ́ sí jù.