Irin tó rọ̀ lókè orí

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń rọ irin ní Ìta-Ọ̀ṣìn la wà, níbí l'Abẹ́òkúta. Ẹ wòkè. Irin gbọọrọ tó dábùú òkè yẹn ni kíréènì ń rìn lé. Ṣéènì búlọ́ọ̀kù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa ẹrù sókè, ló rọ̀ wálẹ̀ yẹn, ìkọ́ rẹ̀ ló sì gbé irin tọ́ọ̀nù kan dání.

Abẹ́ òkúta làwọn baba wa sá sí tí wọ́n fi là. Abẹ́ irin yìí kì í ṣe ibi ìsádi o!

Tí ẹrù bá já, wọ́n á ní, "Okùn yẹn ló ti gbó." Ó lè gbó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n okùn tuntun náà ń já, bí wọ́n ṣe so ó ló ń pa á.

Garawa omi rèé. A ti okùn bọ ọwọ́ rẹ̀, ẹni méjì di orí okùn mú. Bí wọ́n ṣe sún mọ́ra yìí, wẹ́rẹ́ ni. Ó yá, ẹ máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Omi ò lé, síbẹ̀ apá ti ń gbọ̀n! Ẹ wo ọwọ́ bọ̀dá yìí, okùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú ẹran.

Ohun tójú okùn kíréènì ń rí nìyẹn. Tí okùn méjì bá gbé tọ́ọ̀nù kan, tí wọ́n nà ṣánṣán sókè, ìdajì ìdajì ni wọ́n ń gbé. Tí wọ́n bá wá ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ débi pé dígírì 30 péré ló kù láàárín okùn àti orí ẹrù, okùn kọ̀ọ̀kan ń gbé odindi tọ́ọ̀nù kan.

Ẹ má sì fi ìkọ́ fa ẹrù láti ẹ̀gbẹ́. Bó bá ti kúrò nílẹ̀, á fì bí jangirọ́fà, á sì fún ẹni tó bá wà láàárín rẹ̀ àti ògiri pọ̀. Okùn gígùn ni kẹ́ ẹ fi darí rẹ̀ látòkèèrè, kì í ṣe ọwọ́.

Òfin ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ní kí ẹni tó mọṣẹ́ yẹ ṣéènì àti okùn wò lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, kí kíréènì má sì kọjá oṣù 14 láìṣàyẹ̀wò. Ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò náà lọ́wọ́ ọ̀gá. Mo mọ̀, ìbéèrè yẹn kì í yá lẹ́nu ọmọ iṣẹ́.

Tẹ́ ẹ bá wá farapa, òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ fún yín ní ọjọ́ 14 láti sọ fún ọ̀gá. Ọ̀gá náà ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF, àjọ ìjọba tó ń san owó náà, létí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi owó àgbo àti "pẹ̀lẹ́" parí ẹ̀.