Fífà Díẹ̀ Tó Ń Sọ Òbìrìkìtì Di Ẹyin

Okun o, ẹ̀yin èèyàn wa. Orí pèpéle ilé wa ní Kàbà ni mo wà. Aṣọ tí mo tẹ́ síwájú yín yìí, aṣọ Bùnú ni, ọwọ́ ni wọ́n fi hun ún, ìyá mi ò sì mọ̀ pé mo gbé e jáde. Mo da abọ́ dé e lórí, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí etí abọ́ ká. Ẹ rí òbìrìkìtì? Àbúrò mi, di igun ọ̀hún mú. Fà á!

Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa. Ó ti gùn bí ẹyin. Ṣùgbọ́n tí a bá fà á gba ibi tí òwú rẹ̀ gbà tààrà, kò fẹ́ẹ̀ yí rárá.

Ó yá, ká wo inú òòfà: òbìrìkìtì kan wà níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní skyrmion, tí òun náà máa ń gùn bí a bá fà á. Nínú òòfà sípíkà rédíò, atọ́mù kọ̀ọ̀kan dà bí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì kékeré, agbára kan sì ń mú kí wọ́n jọ kọjú síbì kan náà. Àwọn òòfà kan wà tí ètò atọ́mù wọn ní ọ̀tún àti òsì bíi bàtà: yí bàtà ọ̀tún títí, kò ní di ti òsì. Nínú ìwọ̀nyí, agbára kejì, tó ń jẹ́ orúkọ àwọn onímọ̀ físíìsì méjì, Dzyaloshinskii àti Moriya, ní kí abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan yà díẹ̀ lára aládùúgbò rẹ̀, apá kan ṣoṣo ni kó sì máa yà sí. Báyìí ni wọ́n ṣe ń lọ́ bí òwú tí a ran.

Tí a bá gbé òòfà mìíràn sún mọ́ ọn, tí òtútù sì bá a mu, lílọ́ yẹn á ká di òbìrìkìtì. Abẹ́rẹ́ àárín á dorí kodò, ti etí á nàró, àwọn tó kù á máa tẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Skyrmion nìyẹn. Ní 2009, àwọn onímọ̀ ní Jámánì rí i nínú àdàlù manganese àti silicon, wọ́n tò bí afárá oyin. Ti irin àti germanium fẹ̀ tó 70 nanometer. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan á tò sórí ìbú irun orí kan.

Ibi tó yà mí lẹ́nu jù rèé. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ní Jàpáánì na irin-germanium yìí ní 0.3 péré nínú 100. Ká ní aṣọ yìí gùn ní ẹgbẹ̀rún ìka, ìka mẹ́ta ni wọ́n fi kún un. Òbìrìkìtì wá fi nǹkan bí 20 nínú 100 yí padà! Aṣọ mi ò lè ṣe ìyẹn láéláé.

Òbìrìkìtì ṣọ́ọ̀kì lẹ̀ mọ́ aṣọ ni. Skyrmion ò lẹ̀ mọ́ nǹkan kan. Ìjà agbára méjèèjì ló ń pinnu títóbi rẹ̀. Tí atọ́mù bá sún díẹ̀, agbára tó ń mú wọn yà á le sí i lápá kan, á rọ̀ lápá kejì. Níbi tó ti le, abẹ́rẹ́ á tètè yí, òbìrìkìtì á fún. Níbi tó ti rọ̀, á gùn.

Kì í ṣe fífà nìkan, títẹ̀ pọ̀ náà ń ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá tẹ manganese-silicon ní ìdábùú sí ibi tí òòfà ìta kọjú sí, ìwọ̀n òtútù tí skyrmion ti lè wà á gbòòrò sí i. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ bá ibi tí òòfà kọjú sí, á dín. Àwọn tó ń wá ọ̀nà àtikó dátà pamọ́ nífẹ̀ẹ́ sí èyí, torí skyrmion lè dúró fún 1, àìsí rẹ̀ fún 0.

Àmọ́ kò sí skyrmion manganese-silicon àfi tí òtútù bá tó nǹkan bí 244 sísàlẹ̀ òdo, ní Celsius. Ti irin-germanium ṣì ṣeé gbọ́: nǹkan bí 5 lókè òdo. Fíríìjì ilé wa máa ń débẹ̀, tí iná bá wà.